Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tuntun Dé, Fóònù Dà?

Àwọn kan nínú yín ti ń wá béèrè ẹ̀yáwó láti fi ra fóònù 5G. Kò burú o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí owó tó jáde.

Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni ìjọba ta àyè 3.5 GHz ní gbàǹjo. MTN bẹ̀rẹ̀ 5G ní oṣù Kẹsàn-án 2022, Airtel tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹfà 2023. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé, àmọ́ fóònù tó lè gbà á kò pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú. Oṣù Kẹfà 2023 yẹn náà ni náírà já wálẹ̀, tí fóònù ilẹ̀ òkèèrè sì gbówó lórí.

Fóònù 4G kò lè di 5G nítorí pé a pààrọ̀ síìmù. Láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni wọ́n ti ń fi ohun tó ń gbà á sínú rẹ̀. iPhone 11 kò gbà á; iPhone 12, tó jáde ní 2020, ló kọ́kọ́ gbà á nínú àwọn iPhone.

Nítorí náà, ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: ṣé ó ń gba n78? Ṣé 5G ti dé àdúgbò wa? Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ rárá, ẹ ní sùúrù. 4G ọwọ́ yín ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yáwó tí a fi ra ohun tí a kò lè lò, oṣooṣù náà la ó máa san án.