Àwòṣe Kì í Ṣe Ayédèrú: Bí A Ṣe Ń Yan Ọkọ̀ Cobra Titun

Ère ìbejì kì í ṣe ọmọ tí ó kú. Igi ni, gbogbo ilé sì mọ̀ pé igi ni. Síbẹ̀ ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn kùn ún, a sì máa gbé e pọ̀n. Ọlá ère náà kò dínkù, nítorí pé kò sí ẹni tí a fi tàn jẹ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe lónìí, tí wọ́n ń wo ọkọ̀ olókìkí ayé àtijọ́ ṣe. Àwòṣe ni a lè pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé àwòṣe ni òun ń rà, tí ó sì bèèrè ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀dà rẹ̀, kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ojú nìkan rà á lè fi owó rẹ̀ ṣòfò, ó sì lè fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i.

Nínú gbogbo ọkọ̀ eré ìje tí a ń wò ṣe, bóyá ni a fi lè rí èyí tí a wò ṣe tó Cobra. Ní 1953 ni ilé-iṣẹ́ AC, ní Thames Ditton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọkọ̀ kékeré kan jáde tí wọ́n sọ ní Ace. Pánù alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, ọ̀pá irin ńlá méjì ni ó sì dúró bí egungun fún un. Ní òdìkejì òkun, Carroll Shelby, ọmọ Texas tí ó ti sin adìẹ rí, wà lára àwọn awakọ̀ méjì tí wọ́n jọ gba ipò kìíní nínú eré ìje Le Mans ní 1959. Àrùn ọkàn ni kò jẹ́ kí ó tún lè sá eré ìje mọ́ lẹ́yìn 1960. Ní 1961 ó kọ̀wé sí àwọn AC pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ẹ́ńjìnnì ńlá ti Amẹ́ríkà sínú ọkọ̀ wọn. Ford fún un ní ẹ́ńjìnnì, Cobra àkọ́kọ́ sì jáde ní 1962. Láti ìgbà náà, ara àti egungun ọkọ̀ a máa kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìní ẹ́ńjìnnì nínú. Nígbà tí ó bá dé Amẹ́ríkà ni a tó fi ẹ́ńjìnnì sí i.

Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ jẹ́ lítà 4.2, èyí tí ó tẹ̀lé e jẹ́ 4.7. Nígbà tí ó di 1965, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì lítà 7 wọ inú rẹ̀, wọ́n fẹ ara ọkọ̀ náà lójú, wọ́n sì fi sípíríǹgì olóbìírípo rọ́pò èyí tí ó rí pẹlẹbẹ. Gbogbo Cobra tí a ṣe ní àkókò náà kò pé 1,000. Nígbà tí a ta àkọ́kọ́ nínú wọn ní gbàǹjo ní 2016, 13,750,000 dọ́là ni ó lọ. Ohun tí ó wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò gbé e gba inú òjò lọ sí ọjà? Èyí ni ó fà á tí àwòṣe fi pọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbà ṣe é. Èkíní ni ti Factory Five, tí a dá sílẹ̀ ní 1995 ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Àpótí àpótí ni wọ́n fi ń kó egungun, ara àti àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ ránṣẹ́, olùrà fúnra rẹ̀ ni yóò sì tò ó pọ̀. Èkejì ni ti Superformance, tí a ń ṣe ní Gqeberha, ìlú Gúúsù Áfíríkà tí a ń pè ní Port Elizabeth títí di 2021, àti ti Backdraft, tí a ń ṣe ní Durban. Àwọn wọ̀nyí a máa kun ọkọ̀, wọn a máa to ìjókòó àti táyà sí i, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ẹ́ńjìnnì sí i kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ó bá rò pé àbùkù ni èyí kò rántí ìtàn: bẹ́ẹ̀ gan-an ni Cobra àtijọ́ ṣe sọdá òkun. Fáíbà ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà méjèèjì yìí fi ń ṣe ara ọkọ̀. Kì í dípẹtà, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn bí Kirkham ní ìpínlẹ̀ Utah, tí wọ́n ń fi alumíníọ̀mù ṣe é gẹ́gẹ́ bí ti ìṣáájú. Owó gọbọi ni irú èyí ń gbà, nítorí ọwọ́ ni a fi ń lù ú.

Lẹ́yìn tí olùrà bá ti mú ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí, kí ó má ṣe kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọ̀dà. Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà. Egungun ọkọ̀ àti bíréèkì rẹ̀ ni ìwà rẹ̀. Kí ó lọ sí ibi iṣẹ́ náà bí ó bá lè lọ, kí ó wo ibi tí a ti jó irin pọ̀ kí a tó fi ọ̀dà bò ó. Kí ó bèèrè bóyá bíréèkì, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí a lè rí rà ní ọdún mẹ́wàá òní, nítorí pé oníṣẹ́ ọwọ́ lè kógbá wọlé. Irin róbótó tí ó wà lẹ́yìn orí awakọ̀ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ egungun ọkọ̀ ni a dè é mọ́, ó lè dáàbò bo orí nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé. Bí ó bá jẹ́ ara fáíbà lásán ni a fi í mọ́, ọ̀ṣọ́ ni.

Ẹ́ńjìnnì ni ó kàn. Ọkọ̀ tí kò ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan lọ, tí a gbé agbára 400 ẹṣin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí nínú, kì í ṣe ohun ìṣeré. Ọ̀pọ̀ àwòṣe kò ní àwọn ẹ̀rọ tí ń gba awakọ̀ òde òní sílẹ̀ nígbà tí táyà bá yọ̀. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì kékeré tí ènìyàn lè kápá sàn ju ńlá tí yóò gbé e ṣubú. Nọ́ńbà pẹ̀lú gba ìfura. 427 tí a ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ jẹ́ ìwọ̀n lítà 7 náà ní íǹṣì. Ṣùgbọ́n àwọn mẹkáníìkì mọ bí a ṣe ń sọ ẹ́ńjìnnì Ford tí ó jẹ́ 351 di 427. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú èyí, bí ẹni tí ń tà á bá sọ ọ́ bí ó ti rí. Kábúrétọ̀ ń mú ìró àtijọ́ wá, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè. Ìnjẹ́kítọ̀ ń tètè jí, èéfín rẹ̀ kì í sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí olùrà wọn ọkọ̀ mọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wọn aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì há púpọ̀. Ẹni tí bàtà rẹ̀ fẹ̀ lè tẹ méjì pọ̀. Ẹni gíga ní láti jókòó kí ó wò ó bóyá gíláàsì iwájú kò ṣe déédéé ojú rẹ̀. Páìpù èéfín tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá a máa gbóná, ó sì ti jó ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ojúgun nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Kí olùrà bèèrè ohun tí a fi lè bò ó. Nígbà tí gbogbo èyí bá ti yanjú, kí ó wá yan àwọ̀ tí ó wù ú, ìbáà ṣe búlúù tí a fa ìlà funfun méjì sí, èyí tí ojú ayé mọ̀ mọ́ Cobra jù lọ. A lè tún ọ̀dà kùn. Egungun kò ṣe é pààrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2015, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2021, gba oníṣẹ́ ọwọ́ kékeré láyè láti ta àwòṣe 325 lọ́dún ní odidi, bí ọkọ̀ tí ó wò ṣe bá ti lé ní ọdún 25. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá òfin èéfín ti òde òní mu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ní láti yẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó bọ́ sí títì.

Ìwé ọkọ̀ ni ó ń ya àwòṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú. Ọ̀pọ̀ Cobra àtijọ́ ni nọ́ńbà egungun wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CSX, àwọn olùtọ́jú ìtàn rẹ̀ sì ti to nọ́ńbà náà sínú ìwé lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí ó bá lẹ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ mọ́ àwòṣe láti fi tà á ti sọ iṣẹ́ ọwọ́ rere di irọ́. Nítorí náà, kí olùrà gba ìwé tí ó sọ ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ náà, ọdún tí ó ṣe é, àti ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó sì fi í pamọ́ fún ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ogún ọdún ni irọ́ ti ń sáré, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.