Irorẹ́ Ojú Ọmọ Yín Kì Í Ṣe Ìtìjú: Ẹ Má Jẹ́ Kí Kíríìmù Ọlọ́jà Bà Á Lójú Jẹ́

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ akọ̀wé nìkan. Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún kì í ṣe ìlú tí ọmọ iléèwé ti ṣọ̀wọ́n. Ọba ìlú náà, Ọba Adédòkun Abolarin, tilẹ̀ dá iléèwé sílẹ̀ fún ọmọ àwọn tí kò lówó lọ́wọ́. Níbi tí ọmọ tó ń bàlágà bá sì pọ̀ sí, irorẹ́ kò ní ṣàì wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣírò rẹ̀, wọ́n ní bí èèyàn bá kó 100 ọ̀dọ́ jọ, láti ẹni ọdún 12 títí dé ẹni ọdún 24, bí 85 nínú wọn ni irorẹ́ máa ń yọ sí lára, ì báà pọ̀, ì báà kéré.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ ń fojú rí nítorí ẹ̀. Níléèwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá délé, àgbàlagbà kan á tún là á mọ́ ọn lójú pé, "Ọkùnrin lò ń rò, òun ló ń yọ sí ẹ lójú yẹn." Ẹlòmíràn á ní ẹ̀pà tó ń jẹ ni. Ẹlòmíràn á ní kì í bọ́jú dáadáa. Nígbà tó bá yá, ọmọ ò ní fẹ́ gbójú sókè bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́, kò ní fẹ́ lọ síbi ayẹyẹ, kò ní fẹ́ ya fọ́tò. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó fi pa ojú ni yóò fi pa á.

KÍ LÓ Ń FÀ Á GAN-AN?

Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè àwọn èròjà kan tí àwọn dókítà ń pè ní họ́mọ́ọ̀nù. Àwọn èròjà yìí ló ń yí ohùn ọmọkùnrin padà, àwọn náà ló ń mú kí irun hù lábíyá. Àwọn kan náà ló ń mú kí awọ ojú, àyà àti ẹ̀yìn máa tú òróró jáde ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òróró yìí ní àwọn ihò wínníwínní tó ń gbà jáde. Bí awọ tó ti kú bá dí ẹnu ihò náà, òróró á há sínú. Kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú awọ ara gbogbo wa á wá pọ̀ sí i níbẹ̀. Ojú ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á sì gba ọyún. Irorẹ́ náà nìyẹn.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Kò sí èrò ọkùnrin níbẹ̀, kò sí èrò obìnrin, ọwọ́ ayé kò sì sí ńbẹ̀. Ìdọ̀tí kọ́ sì ni. Ọmọ tó ń fi kànrìnkàn gbo ojú lójoojúmọ́ kàn ń dá egbò sí ara rẹ̀ ni. Ẹ̀pà náà, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Oúnjẹ tó kún fún ṣúgà ni àwọn olùwádìí rí i pé ó lè dá kún irorẹ́ fún àwọn kan.

Ẹ̀yin onídìrí, ọ̀rọ̀ kàn yín o. Lọ́dún 1970, àwọn dókítà mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà, Plewig, Fulton àti Kligman, kọ̀wé nípa irorẹ́ tó ń yọ níwájú orí àwọn èèyàn dúdú tó ń fi ìpara olóròóró pa irun. Ìpara náà ń ṣàn wá síwájú orí, ó sì ń dí ihò ara. Bí ẹ bá ń dirun fún ọmọ tí iwájú orí rẹ̀ kún fún irorẹ́, ẹ dín ìpara kù, ẹ má sì jẹ́ kó kan ojú rẹ̀.

ÌKE TÍ KÒ LÓRÚKỌ

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta gààrí ṣe àpẹẹrẹ, irú rẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n ní ọjà wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ́ ẹni ọdún 15, irorẹ́ sì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó ń ta ìpara bá ní, "Ìyá, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ gba èyí, kó tó di ọjọ́ karùn-ún ojú ọmọ yín á ti dán." Ìke kékeré ni, kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ohun tó sọ ohun tí wọ́n pò sínú ẹ̀. Lóòótọ́, ojú dán lọ́jọ́ karùn-ún, ó sì pupa díẹ̀. Ìyá dúpẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, irorẹ́ wẹ́wẹ́ tún bo ojú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ọmọ bá fi ìpara náà sílẹ̀, ojú á máa ta á, á máa yún un. Bó bá padà sí i, á rọlẹ̀. Ọmọ wá di ẹrú ìke.

Ohun tó sábà máa ń wà nínú irú ìke bẹ́ẹ̀ ni òògùn kan tó ń jẹ́ sitẹ́rọ́ọ̀dù, irú bíi clobetasol àti betamethasone. Òògùn gidi ni fún àwọn àrùn awọ kan bí dókítà bá kọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti irorẹ́. Ó máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń fa irorẹ́. Hydroquinone tún wà, èyí tí wọ́n fi ń bó ara. Bó bá pẹ́ lójú, ó lè sọ ojú di dúdú bí èédú. Orílẹ̀-èdè South Africa fòfin dè é nínú ìpara lọ́dún 1990. Ní Nàìjíríà níbí, NAFDAC ní kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 lọ nínú ìpara.

Èyí tó burú jù ni mẹ́kúrì. Lọ́dún 1972, àwọn dókítà ní Nairobi, ní Kẹ́ńyà, jábọ̀ lórí 60 aláìsàn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Ó lé ní ìdajì wọn tó ti ń lo ìpara ìbóra tó ní mẹ́kúrì nínú. Ní ìlú Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yetunde Olumide, dókítà awọ ara, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lọ́dún 2008 nípa oríṣiríṣi ìyọnu tí ìpara ìbóra ń dá sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní irorẹ́ kékeré tó wá ń wá ìwòsàn sínú ìke ìbóra, eku ló ń lé tó fi dáná sun ilé.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ ILÉ-IFẸ̀

Àwọn kan á béèrè pé, "Ewé tiwa ńkọ́?" Ìbéèrè dáadáa ni. Àwọn onímọ̀ ìpoògùn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tí Orafidiya ṣáájú wọn, mú efinrin wa yìí, wọ́n fa òróró jáde lára ewé rẹ̀, wọ́n pò ó mọ́ ìpara, wọ́n sì dán an wò lára àwọn tó ní irorẹ́. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2002. Èyí tí wọ́n fi òróró ìdá 2 nínú 100 sí mú irorẹ́ lọ sílẹ̀, ó tilẹ̀ yá ju òògùn òyìnbó tí wọ́n fi wé e lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ìdá 5, ó ń ta àwọn èèyàn lára.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o. Òróró tí wọ́n fà jáde, tí wọ́n sì wọ̀n, ni wọ́n lò. Kì í ṣe pé kéèyàn gún ewé kó fi lẹ ojú. Ẹni tó bá gún ewé kò mọ̀ bóyá ìdá 2 ni àbí ìdá 10 ló fi pa ojú ọmọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ ìfọyín, ẹ yẹra fún wọn, wọ́n ń jó awọ ni. Ọṣẹ dúdú kì í ṣe ọ̀tá, àmọ́ eérú inú rẹ̀ le, ó sì lè gbẹ ojú jù. Ọṣẹ tí kò le, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ti tó. Kí ọmọ má sì máa tẹ irorẹ́, torí àpá tó bá dá sílẹ̀ kì í tètè lọ.

ÒÒGÙN TÓ Ń ṢIṢẸ́, ÀTI SÙÚRÙ

Lọ bá apòògùn tó kàwé gboyè, kì í ṣe ẹni tó ń gbé òògùn kiri inú mọ́tò. Òògùn àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni benzoyl peroxide. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá 2.5 tàbí ìdá 5. Fẹ́lẹ́ ni kí ọmọ fi pa gbogbo ibi tí irorẹ́ máa ń yọ sí, kì í ṣe orí irorẹ́ nìkan. Ẹ ṣọ́ra o, òògùn yìí ń bó àwọ̀ aṣọ. Kọ́là yunifọ́ọ̀mù, aṣọ ìrọ̀rí àti táwẹ́ẹ̀lì lè ti ibẹ̀ funfun. Èkejì ni adapalene, alaalẹ́ ni wọ́n ń lò ó. Kí aboyún má ṣe fọwọ́ kàn án.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà rèé: òògùn yìí kì í ṣe ti ọjọ́ márùn-ún. Ojú lè gbẹ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, irorẹ́ sì lè pọ̀ díẹ̀ kó tó dín kù. Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ni ká tó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá jù ú nù lọ́sẹ̀ kejì, tó tún sáré padà sídìí ìke, ló ń fi owó ṣòfò lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù? Bí irorẹ́ bá tóbi, tó ń dun ọmọ, tó ń dá àpá sílẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí òògùn kò ràn án. Bí nǹkan oṣù ọmọbìnrin bá ń ṣe ségesège, tí irun ń hù lágbọ̀n rẹ̀, nítorí họ́mọ́ọ̀nù lè ti yí padà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọmọ kò bá sì fẹ́ jáde nílé mọ́, tó ń sunkún ní kọ̀rọ̀, ìyẹn náà tó gbé lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín, kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara ní ọsibítù ńlá bíi ti Ilé-Ifẹ̀. Òògùn tó lágbára wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan tó ń jẹ́ isotretinoin lè sọ ọmọ inú di alábùkù ara, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ rà á lò fúnra rẹ̀.

Ẹ gé ojú ìwé yìí kúrò, kẹ́ ẹ mú un dání bẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ apòògùn. Ẹ fi ìka tọ́ka sí benzoyl peroxide, ẹ béèrè iye tó jẹ́, kẹ́ ẹ sì wo ara páálí bóyá orúkọ òògùn, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wà níbẹ̀. Láàárín ìgbà náà, kí gbogbo ilé yé pe ọmọ ní olójú irorẹ́.