Ríra Ilé Ẹbí ní Àárín Ìlú

Bí a bá ń rìn ní àárín ìlú Ìlaró, a ó rí àwọn ilé àtijọ́ tí a ti tì pa, tí koríko sì ti hù ní ojúde wọn. Olówó lè rò pé wẹ́rẹ́ ni òun yóò rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú wọn. Baba-ńlá tí ó kọ́ ilé ti kú; gbogbo àtọmọdọ́mọ rẹ̀, ti ilé àti ti ẹ̀yìn odi, ni ó ni ín. Nígbà mìíràn, ibojì rẹ̀ gan-an wà nínú yàrá. Ní 1959, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà dájọ́ pé bí ọmọ ẹbí kan bá ta ohun ìní ẹbí lẹ́yìn olórí ẹbí, asán ni. Bí olórí bá sì dá a tà láìfi lọ àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè mú kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e. Àwọn àgbà wọ̀nyí ni aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan, èyíinì ni àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Abájọ tí a fi ń kọ ọ́ sára ògiri pé, “Ilé yìí kì í ṣe títà.”

Kí olùrà tó ka owó, kí ó jẹ́ kí gbogbo wọn péjọ, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé níwájú lọ́yà. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá kọjú sí Abẹ́òkúta, nítorí láti 1978 ni òfin ti ní kí gómìnà pẹ̀lú fọwọ́ sí i.