Ta Ló Ń Rẹ́rìn-ín Lórí Pápá Ọlọ́pàá?

Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yan lórí pápá. Ọ̀gá pàṣẹ, ẹsẹ̀ òsì jáde, ọwọ́ òsì náà bá a jáde. Ó fẹ́ tún un ṣe, ni ọwọ́ ọ̀tún bá tún tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wá ń rìn gan-an-gan bí ọmọlangidi. Bẹ́ẹ̀ láti kékeré ló ti ń rìn, tí kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ẹlòmíì á ti de ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́ tán kó tó rántí pé kọ́kọ́rọ́ ò sí lápò òun. Àwọn tó ti débẹ̀ ṣáájú á rán ẹni tuntun pé kó lọ gba nǹkan tí kò sí láyé wá lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ẹrù, onítọ̀hún náà á ní kó lọ béèrè níwájú. N kò bá irú ẹ̀rín yìí jà. Ohun tí mo fẹ́ ká wò ni ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín lónìí bá lè fi ọ̀gá rẹ̀ ṣẹ̀sín lọ́la, àwàdà ni. Bí kò bá lè ṣe é láéláé, ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ, ẹ̀kọ́ náà sì ni pé ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dójú ti ẹni tí kò ní.

Ẹ̀kọ́ yẹn kì í gbé inú ọgbà. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ṣẹ̀ lórí pápá á fò bí ọ̀pọ̀lọ́, èyí tá a mọ̀ sí frog jump. Nígbà kónílé-ó-gbélé kòrónà lọ́dún 2020, fídíò ń jáde níbi tí àwọn agbófinró ti ń mú ará ìlú fò bákan náà lójú títì, láìdé kóòtù. Ibi tí wọ́n ti rí i kọ́ kò jìnnà. John Van Maanen, onímọ̀ kan tó wà láàárín àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá ní ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ lọ́dún 1973 pé ìyà orí pápá máa ń so wọ́n pọ̀ bí ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń kọ́ láti fara pa mọ́ fún ọ̀gá àti láti bo ara wọn láṣìírí. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n dákẹ́ nígbà tí wọ́n bi í pé ta ló ṣe é, ṣé yóò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ẹnì kejì rẹ̀ bá gba rìbá?

Àwọn kan á ní bí ojú ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ò bá rí màbo nílé ẹ̀kọ́, ọjọ́ tí ọ̀mùtí bá bú ìyá rẹ̀ ní gáréèjì ni yóò yìnbọn. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹni tí omijé rẹ̀ wà nítòsí. Ṣùgbọ́n Howard Earle, tó jẹ́ ọ̀gá nínú iléeṣẹ́ ṣẹ́ríìfù Los Angeles County, dán an wò. Ó fi ariwo, èébú àti ìyà kọ́ àwọn kan, ó fi ọ̀wọ̀ kọ́ àwọn yòókù bí ẹni ń kọ́ni ní yunifásítì, ó sì ń ṣọ́ wọn lẹ́yìn tí wọ́n dé ẹnu iṣẹ́. Àwọn tí wọn kò fìyà kọ́ ló ṣiṣẹ́ dáadáa jù, àwọn ni iṣẹ́ náà tẹ́ lọ́rùn jù, àwọn náà sì ni ará ìlú fara mọ́ jù. Ìgbàmọ́ra ṣe é kọ́: ẹ jẹ́ kí akẹgbẹ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ṣe bí ọ̀mùtí, kó bú u dáadáa, lẹ́yìn náà kí olùkọ́ fi ibi tó ti ṣìṣe hàn án. Ti ìyà náà sì ní ibi tó máa ń já sí. Lọ́dún 2022, ní ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọ́n ní kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ fọwọ́ fẹsẹ̀ rìn bí ẹranko lórí ọ̀dà tí oòrùn ti yan, ọwọ́ nǹkan bí 20 nínú wọn ló bó.

Wọ́n á tún ní Amẹ́ríkà kọ́ ni Nàìjíríà. Òótọ́ ni. Níbí, lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Channels fi ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá Ìkẹjà han gbogbo ayé, pẹ̀lú ibùsùn tó ti di ẹgẹrẹmìtì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ṣe é wọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fi yọ síbẹ̀ lójijì. Nínú gbogbo ẹ̀sín tí wọ́n ti fi ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá ṣe, èyí tí ìjọba fi ṣe yìí ló le jù, kò sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Àtúnṣe ilé ń gba owó, ṣùgbọ́n èyí tí Sue Rahr ṣe nígbà tó di olórí ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Washington lọ́dún 2012 kò gba kọ́bọ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bá rí ọ̀gá, yóò dúró gbagidi, yóò panu mọ́. Rahr ní kí wọ́n máa wojú ọ̀gá náà, kí wọ́n kí i, kí wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀, torí bí wọ́n ṣe máa bá ará ìlú sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń darí ilé ẹ̀kọ́ Ìkẹjà, nílẹ̀ Yorùbá tí kíkí ti jẹ́ iṣẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí láàárọ̀ ọ̀la.