Búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n onírun ẹlẹ́dẹ̀: ó yẹ kí ó rọ̀ kí ó tó kan ojú

Ọkùnrin tí ó bá ra búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n onírun ẹlẹ́dẹ̀ lónìí, tí ó sì fi kan ojú lọ́la, ni ó sábà máa ń kábàámọ̀ owó rẹ̀. Irun búrọ́ọ̀ṣì náà á máa gún un lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ìgbálẹ̀, òórùn ẹran á máa ti inú rẹ̀ jáde, ọṣẹ kò sì ní hó tó bí ó ṣe rò. Bí ó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, yóò ti jù ú sí kọ̀rọ̀ kan nínú ilé ìwẹ̀, yóò sì padà sí fífi ọwọ́ pa ọṣẹ sójú.

Ẹ̀bi kì í ṣe ti búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ó bá mọ kàn-ìn-kàn-ìn ìbílẹ̀ yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ náà. Kàn-ìn-kàn-ìn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé a máa ha ènìyàn lára, àwọn ìyá àgbà kì í sì í fi wẹ ọmọ àfi tí wọ́n bá ti rẹ ẹ́ sómi, tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ léraléra, tí ó sì rọ̀. Bákan náà ni búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹlẹ́dẹ̀ rí. Ó le nígbà tí ó bá wà ní tuntun, lílò ni ó sì ń sọ ọ́ di rírọ̀.

Fún àwọn aláwọ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n fífá kì í ṣe ti oge lásán. Irùngbọ̀n ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa ká kò. Bí abẹ bá gé e kúrú jù, ṣóńṣó rẹ̀ tí ó mú á yí padà, á sì gún awọ ara wọlé. Ara á kà á sí àjèjì, ibẹ̀ á wú, á sì di àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní bọ́ǹpù. Bí ènìyàn bá ń fi èékánná tú u, ó lè di egbò tàbí kí ó fi àpá dúdú sílẹ̀. Lára àwọn ẹlòmíràn, àpá náà a máa ga sókè, kì í sì í rọlẹ̀ bọ̀rọ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì kì í wo bọ́ǹpù sàn, kò sì yẹ kí oníṣòwò kankan tà á bí oògùn. Ohun tí ó lè ṣe ni pé ó ń gbé omi àti ọṣẹ dé ìdí irun, ó sì ń gbé irun tí ó sùn mọ́ ara dìde, tí abẹ yóò fi lè gé e láìjẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ. Irun tí omi ti wọ̀ dáadáa rọrùn láti gé ju irun gbígbẹ lọ. Búrọ́ọ̀ṣì tí kò tíì rọ̀ kì í ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ńṣe ni yóò ha awọ ojú kí abẹ tó dé ibẹ̀.

Ohun tó mú kí irun náà le

Irun ara ẹlẹ́dẹ̀ nípọn, ó sì le. Ó yàtọ̀ sí ti badger, ẹranko kan tí ń gbẹ́ ihò gbé ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà, tí irun tirẹ̀ rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí owó rẹ̀ sì ga jù. Irun badger a máa di omi mú sí àárín irun kan sí èkejì, ṣùgbọ́n irun ẹlẹ́dẹ̀ a máa fa omi sínú ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi ṣe é lò láìkọ́kọ́ rẹ ẹ́.

Bí a bá yẹ ṣóńṣó irun ẹlẹ́dẹ̀ kan wò dáadáa, a ó rí i pé ó là. Bí a ṣe ń rẹ ẹ́, tí a ń fi ọṣẹ yí i, tí a sì ń jẹ́ kí ó gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ṣóńṣó náà ń là sí i, títí orí búrọ́ọ̀ṣì yóò fi rọ̀ bí òwú. Ìdí irun náà kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì máa ń dúró gírígírí. Orí tó rọ̀ lórí ìdí tó le yìí ni àwọn tí ó fẹ́ràn búrọ́ọ̀ṣì náà ń wá.

Ìlú Chongqing ní ilẹ̀ Ṣáínà lókìkí fún òwò irun ẹlẹ́dẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Ní ilẹ̀ Ítálì àti Pọtugí, wọ́n ṣì ń fi ṣe búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n títí di òní. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé irun yìí kan náà ni àwọn òyìnbó fi ń fọ eyín kí ilé-iṣẹ́ DuPont tó gbé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín onínáílọ́ọ̀nù jáde ní ọdún 1938.

Àwọn mùsùlùmí, àti ẹnikẹ́ni tí kò fẹ́ kí ohun ẹlẹ́dẹ̀ kan òun lára, ní láti bèèrè kí wọ́n tó sanwó, nítorí ọ̀pọ̀ búrọ́ọ̀ṣì orí àtẹ ni a kò kọ irú irun wọn sí lára. Bí a bá fa ẹyọ irun kan yọ, tí a sì fi iná sí i, irun ẹranko á rùn bí irun orí tó jóná, á sì di eérú tí ìka lè fọ́. Náílọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ á yọ́, á sì di kókó líle. Ìdánwò yìí kò lè sọ irú ẹranko tí irun náà ti wá, ṣùgbọ́n yóò fi hàn bóyá ti ẹranko ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Búrọ́ọ̀ṣì onínáílọ́ọ̀nù ti òde òní dára, ó tètè ń gbẹ, kò sì nílò gbogbo wàhálà tí a fẹ́ sọ yìí.

Bí a ṣe ń mú un rọ̀

Ọjọ́ kìíní wà fún fífọ̀ nìkan. A ó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìwẹ̀ fọ irun búrọ́ọ̀ṣì náà, a ó máa fi ìka tú u, a ó sì ṣàn án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Òórùn rẹ̀ lè má tán lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa lọ bí a ti ń lò ó. Lẹ́yìn náà, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó sì gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ di ọjọ́ kejì.

Láti ọjọ́ kejì, a ó máa rẹ ẹ́ sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Irun nìkan ni kí omi bò. Kò yẹ kí ó bo ibi tí a ti fi àtè lẹ irun mọ́ ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì. Omi tí ọwọ́ lè gbà ni à ń wí. Omi híhó a máa ba irun náà jẹ́ títí yóò fi máa kán, ó sì lè tú àtè ìdí rẹ̀.

Bí ó bá ti mu omi tó, a ó gbọn omi tó pọ̀ jù dànù, a ó yí i lórí ọṣẹ ìfárùngbọ̀n fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, a ó sì wá yí i lórí àtẹ́lẹwọ́ títí ọṣẹ yóò fi hó, tí ìhó náà yóò dì, tí kò ní máa ṣàn. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ìhó náà á máa kú lójijì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ọṣẹ rẹ̀ lẹ́bi. Búrọ́ọ̀ṣì tuntun ni ó ń fa omi inú rẹ̀ mu. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé omi kànga tàbí ti bohóòlù àdúgbò náà jẹ́ irú èyí tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀, omi òjò tí a gbè síbi tó mọ́ yóò ṣe iṣẹ́ náà dáadáa jù.

Orí àtẹ́lẹwọ́ yìí ni kí ó mọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó dé ojú. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá sí ogún tí a bá ti lò ó, ìyàtọ̀ yóò ti hàn, ṣùgbọ́n ó lè ju oṣù kan lọ kí ó tó rọ̀ tán. Àwọn tí kò ní sùúrù a máa fi sínú omi láti alẹ́ di òwúrọ̀, wọ́n á ní àwọn ń gé ọ̀nà kúrú. Kì í ràn án lọ́wọ́ tó bí wọ́n ti rò. Rírẹ tí gbígbẹ tẹ̀ lé, léraléra, ni ó ń la ṣóńṣó irun, búrọ́ọ̀ṣì tí kò kúrò nínú omi kò sì rí àyè gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi ipá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi fẹ̀ bí àwo; irun á bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ìdí. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Irun díẹ̀ tí ó bá já ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò tó ohun tí a ń káyà sókè sí. Èyí tí ó bá ń já lójoojúmọ́ lẹ́yìn oṣù kan, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é ni kò dára.

Nígbà tí ó bá wá kan ojú, ẹ̀yìn ìwẹ̀ ni àkókò tí ó dára jù, nígbà tí irùngbọ̀n ti mu omi. A ó rọra máa yí búrọ́ọ̀ṣì náà bìrìpó lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ àgbọ̀n, kì í ṣe bí ẹni tí ń fọ ìdí ìkòkò. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn awọ ara ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí abẹ máa tẹ̀ lé ibi tí irun dojú kọ, kí a máa ṣan abẹ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí a bá fà á, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà márùn-ún sí méje tí a bá ti lò ó. Ẹni tí bọ́ǹpù ti kún ojú rẹ̀, tí ó sì ń ro ó, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti abẹ sílẹ̀ ná títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Kí ó máa fi ẹ̀rọ ìgẹrun gé irùngbọ̀n, kí ó sì fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí awọ.

Nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì ń pa sójà

Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní, àrùn anthrax bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà lójú àti lọ́rùn. Kókó kékeré tí ń yún ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, yóò wá di egbò tí àárín rẹ̀ dúdú, tí kì í sì í dunni. Nígbà tí a tọpa rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n ni a bá nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Kì í ṣe irun ẹlẹ́dẹ̀ ni a di ẹ̀bi náà rù. Kí ogun tó dé, irun badger tí wọ́n ti tọ́jú ní Jámánì ni àwọn oníṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì gbára lé. Ogun dí ọ̀nà òwò yẹn, wọ́n sì yíjú sí irun ẹṣin láti ilẹ̀ Éṣíà, èyí tí wọ́n ṣe kí ó lè jọ ti badger, láìpa kòkòrò inú rẹ̀ bí ó ti yẹ. Bakitéríà anthrax a máa fi èèpo líle bo ara rẹ̀, ó sì lè wà nínú irun tàbí nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú. Ojú tí abẹ ti ha ni ẹnu ọ̀nà tí ó ń wá. Ìwé ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ àjọ CDC ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2017 ka àwọn tí ó kó àrùn náà nípasẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì sí ohun tí ó ju 200 ènìyàn lọ. Àwọn kan kú nínú wọn. Kò tíì sí penisílíìnì nígbà náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lórí anthrax ní ọdún 1919, ó sì ka kíkó búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n wọlé láti Jàpáànù léèwọ̀ ní ọdún 1920.

Lóde òní, àwọn ilé-iṣẹ́ tó mọṣẹ́ ń pa kòkòrò inú irun kí wọ́n tó lò ó, ewu náà sì ti kéré gan-an. Ṣùgbọ́n anthrax kò tíì kúrò láyé. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé ó ti pa ẹran ọ̀sìn ní oko kan ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger. Ọ̀rọ̀ ẹran ni ti Suleja, kò kan búrọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ó tó ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ fi irun ẹran tútù ṣe búrọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ayé àtijọ́, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń rà bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, orí pẹpẹ ni kí ó wà.

Búrọ́ọ̀ṣì kan, ojú kan

Ewu tí ó sún mọ́ wa jù ni ti àjọlò. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀pọ̀ onígbàjámọ̀, búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pa ọṣẹ sí gbogbo ojú tí ó bá jókòó, òmíràn ni wọ́n sì fi ń gbọn irun kúrò lọ́rùn gbogbo oníbàárà. Wọ́n lè fi sípíríìtì nu ẹ̀rọ, kí wọ́n sì gbàgbé búrọ́ọ̀ṣì. Làpálàpá ń tipa báyìí lọ láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Bí abẹ bá sì ti mú ẹ̀jẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá làpálàpá, nítorí kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú onípele B lè wà láàyè lóde ara fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Ìwádìí NAIIS tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé àwọn tí ó ní kòkòrò yìí tó 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà. Kò sí ohun tí ó burú bí ènìyàn bá gbé búrọ́ọ̀ṣì àti abẹ tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ tí ó bá mọṣẹ́ kò ní bínú.

Nínú ilé náà, bàbá àti ọmọ kò gbọdọ̀ jọ lo ẹyọ kan. Bí a bá fárùn tán, kí a ṣan ọṣẹ kúrò títí dé ìdí irun, kí a gbọ̀n ọ́n, kí a fi aṣọ gbígbẹ fún un, kí a sì fi í síta nínú atẹ́gùn, kì í ṣe nínú àpò tàbí páálí rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ kì í pẹ́ gbẹ. Nígbà òjò, ó lè má gbẹ tán di ọjọ́ kejì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ìdí nìyí tí àwọn tí ń fárùn lójoojúmọ́ fi máa ń ní méjì tí wọ́n ń pààrọ̀. Èyí tí ó bá ti bu, tàbí tí òórùn rẹ̀ padà dé lẹ́yìn tí ó ti lọ, kì í tún ṣe fún ojú mọ́. Ó ṣì wúlò fún bàtà dídán.