Ààlà tó Gba Àárín Ìgbómìnà Kọjá

Agogo ilé-ìwé ti lù kí ọ̀kadà tó gbé mi láti Ìlá Ọ̀ràngún tó já mi sílẹ̀ ní Ọ̀rà. Àwọn ọmọ tó pẹ́ ń sáré, bàtà lọ́wọ́. Mo tẹ̀lé wọn wọ ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan: ilé gbọọrọ onípáànù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, igi máńgòrò níwájú. Irú ilé báyìí ló hù káàkiri ìlú wa nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń múra de ọjọ́ 17 oṣù Kiní ọdún 1955, tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Bàbá àgbà kan tó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá jókòó lábẹ́ máńgòrò. Mo kí i, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, báwo ni wọ́n ṣe gbà yín wọlé láyé ìjọ́un?" Kò dá mi lóhùn. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, ó fi kan etí òsì. Ó tán! Ta ló ní ìwé ọjọ́-ìbí nígbà náà? Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí ti tó ilé-ìwé. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó o, ó di ọdún tó ń bọ̀, àní bó ti wù kó gbọ́n tó.

S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lábẹ́ Awólọ́wọ̀, ló gbé ètò náà kalẹ̀ ní oṣù Keje 1952. Wọ́n gé ọdún mẹ́jọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù sí mẹ́fà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní 1954 di 811,432 ní 1955. Olùkọ́ kò tó, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé pàápàá sì ń kọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ kankan tó wọlé ni wọ́n ti bu owó lé àwọn asánwó-orí: sílè mẹ́wàá àti sísì lórí owó-orí, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àwọn àgbẹ̀ figbe ta. Nígbà ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954, Alákùkọ (ẹgbẹ́ NCNC) na Ọlọ́pẹ (Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀) nílé ara rẹ̀, àga 23 sí 18. Nítorí náà, èmi kì í fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé Awólọ́wọ̀ fi ẹ̀kọ́ tọrẹ. Àgbẹ̀ ló san án, tòun ti ìbínú.

Mo yọjú wo kíláàsì kan. Àwọn ọmọbìnrin pọ̀ tó ọkùnrin. Kí ẹ̀kọ́ tó di ọ̀fẹ́, bàbá tó bá ní ọmọ mẹ́ta tí owó rẹ̀ ká ẹyọ kan, ọkùnrin ló sábà máa ń mú. Nígbà tí owó kò dènà mọ́, àwáwí rẹ̀ dín kù.

Mo jáde sẹ́yìn ìlú, níbi tí ọ̀nà ti kọjú sí ìhà àríwá. Àràndùn àti Òmù-Àrán wà lọ́hùn-ún ní Kwara, Ìgbómìnà bíi tiwa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n òyìnbó ti pín wọn sábẹ́ Ìlọrin, ní Ẹkùn Àríwá, ó sì fi Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà sí Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tó di 1955, ọmọ ìyá méjì lè wà, kí ti ọ̀kan jẹ́ ọ̀fẹ́, kí èkejì máa wá owó ilé-ìwé. Ká ní mo jẹ́ òbí ní Àràndùn nígbà náà ni, ọ̀dọ̀ ìbátan mi ní Ọ̀rà ni ọmọ mi ìbá máa gbé. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yí ààlà padà. Ìgbìmọ̀ Willink tí ìjọba òyìnbó gbé dìde gbọ́ ẹjọ́ náà ní 1957 sí 1958, ààlà kò yẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án 1976 ni ìjọba àpapọ̀ tó sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Ọdún mọ́kànlélógún gbáko! Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1955 ti lè bímọ tirẹ̀ nígbà náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìtàn tirẹ̀. Gómìnà Bọ́lá Ìgè ló sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí a wà nínú rẹ̀ nígbà náà, láti 1979. Bísí Àkàndé, ọmọ Ìlá, sì di igbákejì rẹ̀ nígbà tó yá. Ẹ wo orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, "Community" ló pọ̀ níbẹ̀, torí ará ìlú fi ilẹ̀ àti agbára sí i.

Ààlà náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá tún ètò ẹ̀kọ́ Ọ̀ṣun tò, ọmọ tó wà ní ọdún karùn-ún ní Ọ̀rà bọ́ sí "middle school". Ojúgbà rẹ̀ lápá Kwara ṣì wà ní ìwé karùn-ún. Oyètọ́lá, gómìnà tó tẹ̀lé e, dá ètò àtijọ́ padà lẹ́yìn náà. Láti Abéré, ibùjókòó ìjọba Ọ̀ṣun, ni owó oṣù olùkọ́ Ọ̀rà ti ń wá, ti Àràndùn ń wá láti Ìlọrin. Kálẹ́ńdà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìpínlẹ̀ méjèèjì ń tẹ̀ lé, nítorí náà ọmọ Ọ̀rà lè wà ní họlidé kí ti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Òmù-Àrán máa ṣe ìdánwò.