Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Ọmọ Sọ Ọ́ Padà

Ní ìparí Asalátù ọjọ́ Àìkú kan ní Aradagun níbí, obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù mọ́kànlá, wá bá wa nídìí tábìlì ìlera tí a máa ń gbé kalẹ̀ lẹ́yìn mọ́sáláásí. Láti ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ náà ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Àwa náà la fún ìyá rẹ̀ ní ORS lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a ní kó pò ó mọ́ omi lítà kan. Ó mi orí pé òun gbọ́.

“Dókítà, mo ń fún un o, ṣùgbọ́n òùngbẹ ò yé gbẹ ẹ́.” (Dókítà ni wọ́n ń pe àwa apòògùn; a bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà.)

A ní kó mú ike tó fi ń pò ó jáde. Ike mínírà kékeré ni, 50cl. Odindi ọ̀rá ORS kan nínú ìdajì omi tó yẹ!

Ẹ̀bi wa ni. Bí ORS bá ki jù, iyọ̀ á pọ̀ jù lára ọmọ, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́ sí i, gìrì pàápàá lè dé. Lójú ẹsẹ̀ la bá wọn wá ọkọ̀ lọ sí ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n kò tíì mú oògùn kankan tó fi ń béèrè ọ̀rọ̀. Ìgbà mélòó ló ti yàgbẹ́ láti àárọ̀? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀? Ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn? Ó wò ó bóyá ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, ó jù ú sílẹ̀; awọ tó yẹ kó padà lẹ́ẹ̀kan náà ń lọ́ra. Tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ kó tó padà, ọ̀rọ̀ ti le gan-an. Ó tún fún un lómi wò. Ọmọ tó ń fi ìwọra mu omi, omi ti ń tán lára rẹ̀; èyí tí kò lè mu mọ́, tó kàn ń sùn, tirẹ̀ ló burú jù.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀sìn wa. Lọ́dún 5 Hijra, nígbà ogun Khandaq, ọfà ba Sa'd ibn Mu'adh lápá, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Rufaidah, obìnrin ẹ̀yà Aslam tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) a máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a bi í pé báwo ni ara rẹ̀, Sa'd á sì sọ fún un. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bi.

Kí ìyá ọmọ wa tó kúrò ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì gbé ọ̀rá ORS mìíràn lé e lọ́wọ́: “Ẹ ṣe é kí n rí i.” Ìbéèrè tí a ò bi í nìyẹn. Ègùn sì ni ìyá náà ń sọ nílé. Yorùbá wa yá jù fún un. Ọmọ náà ti gbádùn, ìyá rẹ̀ sì ti ń jókòó tì wá nídìí tábìlì báyìí, ó ń bá àwọn Ègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Páà wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára ni lítà kan. Bó bá jẹ́ omi kànga, ẹ sè é, kó tutù kí ẹ tó pò ó. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù. Ẹ má gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Síǹkì ńkọ́? 20mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 10mg. Ìgbẹ́ lè dá lọ́jọ́ kẹta, ẹ ṣáà lò ó parí. Bí ọmọ bá bì í, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ọmọ ń bì gbogbo ohun tó mu, tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, ẹ má dúró de Asalátù. Ẹ wọkọ̀ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì máa fún èyí tó bá ṣì lè mu ní ORS lójú ọ̀nà.